Orúkọ Tó Di Ihò Lẹ́nu Anusaya

Gbogbo obìnrin abúlé Pimpalwadi ló ń pe bíríkì ní bíríkì. Anusaya nìkan ló ń pè é ní amọ̀ tó jóná.

"Ẹ bá mi kó amọ̀ tó jóná díẹ̀ wá, kí n fi tún ẹnu ilé ẹran ṣe."

Àlejò yóò rò pé àpáàdì ló ń wá. Àwọn ará abúlé á fi etí aṣọ bo ẹnu, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ní èdè wọn, vit ni bíríkì ń jẹ́. Vitthal sì ni ọkọ Anusaya ń jẹ́. Ẹni tí kò gbọdọ̀ pe odindi, kò gbọdọ̀ bù ú jẹ.

Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Èyí kì í ṣe tuntun, kò sì sí ẹni tí yóò bi ọ́ ní ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Anusaya le ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ló fà á. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, bó ti ń fi òróró pa á lórí, ó rọra sọ ọ́ sí i létí: "Gbogbo ìgbà tí aya bá dárúkọ ọkọ, ewé kan já lára igi ẹ̀mí ọkùnrin náà." Ọmọdé ni Anusaya nígbà náà. Ó gbà á gbọ́. Ó dàgbà, ewú yọ níwájú orí rẹ̀, ó ṣì gbà á gbọ́. Ó ti rí igi tó wọ́wé tán lóko. Kò fẹ́ kí ti ọkọ òun wọ́wé láti ẹnu òun.

Kì í sì í ṣe pé ó dákẹ́. Rárá o. Ẹnu tí kì í sinmi ni. Ó ń bá Kabri, ẹfọ̀n ilé wọn, jà lórí wàrà. Ó ń bá àlùbọ́sà wí nítorí pé kò tètè tóbi. Ó ń bú òjò tó pẹ́. Ó ń bú èyí tó yá jù. Nínú gbogbo ariwo yẹn, orúkọ kan ṣoṣo ni kò sí.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ Ọlọ́run ni wọ́n sọ ọkọ rẹ̀.

Ní gbogbo agbègbè yẹn, Vitthal ni Ọlọ́run tí wọ́n mọ̀. Ó dúdú. Ó káwọ́ lé ìbàdí. Ó ń dúró lórí bíríkì kan nínú tẹ́ńpìlì ìlú Pandharpur de ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀. Ẹni tó kọsẹ̀, á ní, "Vitthal!" Ẹni tó sín, Vitthal. Ẹfọ̀n bímọ, Vitthal. Òjò àkọ́kọ́ kán sílẹ̀, erùpẹ̀ ń ta sánsán, Vitthal.

Anusaya kọsẹ̀, ó ní, "Yéè!"

*

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí aya fi lè pe orúkọ náà láìṣẹ̀. Nínú ewì. Kó wé orúkọ mọ́ inú ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fi ewé wé oúnjẹ, kó tó gbé e síta. Ọjọ́ tí ìyàwó bá kọ́kọ́ dé ilé ọkọ, àwọn àbúrò ọkọ á dí ẹnu-ọ̀nà. Kò ní wọlé títí yóò fi ké e.

Ọjọ́ ti Anusaya, Shevanta ló na apá méjèèjì dí ọ̀nà, àbúrò ọkọ rẹ̀, eyín iwájú ẹ̀ ti yọ, òmíràn kò tíì hù.

"Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi! Orúkọ kọ́kọ́ jáde, kí ẹsẹ̀ tó wọlé!"

Ewì wà lọ́kàn Anusaya. Ó ti kọ́ ọ láti ilé. Ó la ẹnu. Ewì sá lọ. Ewé kan ṣoṣo ló rí lọ́kàn, tí ń já bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ apá Shevanta kọjá, ó fi eékún gbá ìkòkò ìrẹsì ẹnu-ọ̀nà tó yẹ kí ìyàwó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tì ṣubú, ó bọ́ sínú ilé ọkọ bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń lé.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Vitthal sọ ọ́ ní Agbabẹ́-apá-wọlé.

"Agbabẹ́-apá-wọlé, tíì mi dà?"

"Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ná ná."

"Ìwọ ò tíì wọlé mi o. Ẹnu-ọ̀nà lo ṣì wà. Mo kàn ń gbà ọ́ láyè ni."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ọ̀nà àbáyọ. Wọ́n bímọ, wọ́n sì di ẹni tí ń pe "Bàbá Mangal", tí ń pe "Bàbá Subhash". Ọmọ kò dé sí ilé Anusaya. Ó dùn wọ́n. Ó dun àwọn méjèèjì bákan náà, wọn kò sì fi bú ara wọn. Nígbà tó yá, ibi tó ń dùn náà rọ̀ bí ilẹ̀ tí òjò ti rin. "Aho" ni orúkọ tó ṣẹ́kù fún un láti pè. "Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin náà" ni ìtumọ̀ Aho. Gbogbo aya ibẹ̀ ló ń pè é. Ṣùgbọ́n ti Anusaya ní oríṣiríṣi. Aho ti tíì. Aho ti ejò wà nínú koríko. Aho ti mo ń bínú. Aho ti òwúrọ̀, tí kò ní ìdí kankan.

Ohùn rẹ̀ nìkan sì ni Vitthal ń gbọ́ dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ àpáta nínú kànga, ó dúró sítòsí jù. Ohùn ọkùnrin di kùkùkù létí rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Àmọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀, tó mú bí abẹ́rẹ́, ṣì ń wọlé.

*

Ìrọ̀lẹ́, abẹ́ igi dóńgóyárò ni wọ́n ti ń kọrin. Gokulbuwa ló ń darí wọn, àgbà olórin, arúgbó tí irùngbọ̀n rẹ̀ dà bí òwú tí a kò tíì ran. Kò sí ohùn tó dùn tó ti Anusaya. Kò sì sí orin wọn tí orúkọ náà kò sí nínú rẹ̀. Tí orin bá dé ibẹ̀, gbogbo ènìyàn á gbé e, "Vitthal! Vitthal!" Anusaya á pa ẹnu dé, á fi àwo idẹ kékeré méjì lu ara wọn. Ṣáń. Ṣáń. Lẹ́yìn náà, á tún la ẹnu, á máa bá orin lọ.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi," Shevanta á wí, "orin rẹ dà bí ẹnu mi nígbà èwe. Ihò wà níwájú."

"Ìwọ fi tìrẹ dí i."

"Buwa, ẹ dá sí i. Ṣé Ọlọ́run kò ní bínú sí ẹni tó kọ̀ láti pe òun?"

Gokulbuwa kì í kánjú dáhùn. Ó kọ́kọ́ tu ewé tó ń rún lẹ́nu.

"Omi inú kànga, kí lẹ̀ ń pè é?"

"Omi."

"Ó fò lọ sókè ńkọ́?"

"Ìkùukùu."

"Ó bọ́ sórí koríko lóròwúrọ̀?"

"Ìrì."

"Kabri mu ún."

"Wàrà," ni Shevanta wí, "bí Kabri bá gbà."

"Ṣé omi bínú sí èyíkéyìí níbẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní orúkọ. Òun kò ní in. Àwọn ọlọ́gbọ́n àtijọ́ wọ inú igbó lọ wá A. Wọ́n ronú títí. Ohun tí wọ́n mú bọ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ: kì í ṣe èyí, kì í ṣe èyí. Ọ̀rọ̀ lọ títí, kò bá A, ó rẹ̀ ẹ́, ó padà wálé." Ó nawọ́ sí Anusaya. "Ibi tí wọ́n parí sí ni obìnrin yìí ti bẹ̀rẹ̀."

"Buwa, ẹ má gbé mi gun ẹṣin tí n kò lè sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n ló ń dí mi lẹ́nu. Ẹ̀rù ni."

"Èmi kò ní kó má bà ọ́. Mo ní kó o ṣáájú orin àwọn obìnrin lọ́dún yìí, bí a bá ń lọ sí Pandharpur."

"Kí n máa lu idẹ níwájú wọn, kí wọ́n máa bi mí pé ta ni à ń lọ kí? Rárá, Buwa. Ẹ fi mí sẹ́yìn àwọn olórin."

Wọ́n fi í sẹ́yìn.

*

Wọ́n gbin irúgbìn tán, òjò dé, ẹsẹ̀ bọ́ sọ́nà Pandharpur. Gbogbo abúlé lórí ọ̀nà kan. Àwọn obìnrin ru ìkòkò efinrin lórí. Vitthal gbé àsíá aláwọ̀ ọsàn léjìká. Anusaya gbé àpò oúnjẹ: bhakri, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ọkà bàbà tó ti gan díẹ̀, àlùbọ́sà, ata gígún. Ẹrẹ̀ ń mu ẹsẹ̀, wọ́n ń fà á yọ, wọ́n ń kọrin. Ó rẹ̀ wọ́n. Inú wọn dùn.

Wọ́n dé etí odò Chandrabhaga lówùúrọ̀. Níbẹ̀, o kò ní rí iyanrìn. Orí ènìyàn lo máa rí. Àwọn ará Pimpalwadi lọ wẹ̀, Shevanta wà láàárín wọn. Wọ́n fi Anusaya àti ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ ẹrù.

Vitthal rí ẹfọ̀n kan lọ́ọ̀ọ́kán.

"Wò ó! Ó jọ Kabri."

"Kò jọ ọ́."

"Ìwo rẹ̀ ni kó o wò." Ó gbé ìṣísẹ̀ kan, ó gbé òmíràn.

Ọ̀wọ́ olórin kan gba àárín wọn kọjá, ìlù, àsíá, obìnrin, ọkùnrin, eruku kò sí, ẹrẹ̀ nìkan. Wọ́n kọjá tán. Ẹfọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Vitthal kò sí mọ́.

"Aho," ni Anusaya ké. Ìlù gbé e mì.

Ní àkókò yẹn gan-an ni àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí fun fèrè. Òjò ti rọ̀ púpọ̀ lókè odò. Wọ́n ti ṣí omi ìsédò sílẹ̀. "Ẹ kúrò lórí iyanrìn! Odò ń kún! Ẹ kúrò!" Ohùn ọkùnrin ni gbogbo rẹ̀. Ohùn kùkùkù. Anusaya wo omi. Ó ti gun òkúta tó wà ní gbígbẹ nígbà tí wọ́n dé. Ọkọ rẹ̀ wà níbì kan lórí iyanrìn yìí. Kò ní gbọ́.

Ó gbàgbé ẹrù, àfi àpò oúnjẹ tó wà léjìká rẹ̀. Ó sáré.

*

Fóònù kò tíì dé ọwọ́ àgbẹ̀ nígbà náà. Àgọ́ kan wà lórí ilẹ̀ gíga fún àwọn tó bá sọnù, wọ́n so sípíkà mọ́ òpó gbogbo láti ibẹ̀ dé etí omi. Digambar ló jókòó ti ẹ̀rọ náà. Onígbàjámọ̀ ni nílùú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ sì ni ìdajì iṣẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ rọra mí. Ta lẹ ń wá?"

"Àwọn."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tiwa. Àwọn tó ni ilé."

"Ọkọ yín. Ó dáa. Kí lorúkọ wọn?"

Anusaya fa etí aṣọ sárì rẹ̀ bo ẹnu.

Digambar mí kanlẹ̀. "Ó ti yé mi. Ìyá tèmi náà ń ṣe é. Bàbá mi ti kú, ìyá mi ò tíì dárúkọ wọn síbẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni, àbí orúkọ Ọlọ́run?"

"Ti Ọlọ́run."

"Ganpat?"

"Kì í ṣe ìyẹn."

"Shankar?"

"Kì í ṣe ìyẹn."

"Maruti? Khandoba? Dattu?"

"Kì í ṣe ìyẹn, kì í ṣe ìyẹn!" Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Gokulbuwa ni ohùn náà jọ. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹkún fẹ́ pa á. Àwọn ọlọ́gbọ́n inú igbó ráyè. Odò kankan kò kún lẹ́yìn wọn.

"Màmá, orúkọ Ọlọ́run pọ̀ ju irun tí mo ti gé láyé mi. Ẹ ràn mí lọ́wọ́."

Anusaya nàka sí ṣóńṣó orí tẹ́ńpìlì tó yọ láàárín ìlú. "Ẹni tó ni ilé yẹn."

"Áà! Kí ló dé tí ẹ ò tètè wí?" Digambar gba ẹ̀rọ mú. "Vitthal! Vitthal tó wá láti..."

Kò débi tó ń lọ.

"Vitthal!" ni gbogbo iyanrìn dáhùn. "Vitthal! Vitthal!" Àsíá gòkè. Ìlù bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti ń kúrò létí omi dúró, wọ́n ń jó. Ọlọ́pàá tó ń lé wọn gan-an na ọwọ́ kan sókè.

"Kì í ṣe Òun!" ni Digambar ké. "Vitthal mìíràn ni mo ń pè!"

"Vitthal! Vitthal!"

"Ará Pimpalwadi ni!"

"Vitthal!"

Anusaya mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé bí nǹkankan nínú ariwo yẹn bá dé etí ọkọ òun, òun náà á ti gbé ọwọ́ sókè níbi tó wà, á máa fi gbogbo agbára pe ara rẹ̀.

Digambar nu ojú. "Màmá, ohùn tèmi ò lè ṣe é. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀. Wọ́n á mọ ohùn yín."

Ó ti ẹ̀rọ sí i lẹ́nu. Anusaya sọ ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sọ.

"Aho!"

Gbogbo ọkùnrin tó wà létí odò yíjú padà. Ẹni tó ń wẹ̀ dìde dúró nínú omi. Ẹni tí wọ́n ń fá lórí yí ọrùn padà lábẹ́ abẹ, olùfárí figbe ta. Digambar fúnra rẹ̀ ti ní, "Kí ló dé?" kó tó rántí ara rẹ̀.

"Màmá, gbogbo wa lẹ pè yẹn."

Ìsàlẹ̀, omi ti gun ìpele àkọ́kọ́ nínú àtẹ̀gùn òkúta.

Anusaya di ẹ̀rọ mú. Ó rí ewé náà, ewé ọjọ́ ìgbéyàwó, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó sì rí odò. Ewé kan ni orúkọ ń já, bí ìyá òun bá sọ òótọ́. Odò kì í já ewé. Igi ló ń hú.

Ó wá ewì ilé ìyá rẹ̀ nínú orí. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó kó èyí tó wà nílẹ̀.

"Ọkà bàbà gorí ebè, ẹyẹ oko ń ṣọ́ ọ;
Kabri kì í gba ọwọ́ ẹlòmíràn lọ́mú, ọwọ́ ọkọ mi ló mọ̀;
Ẹnu-ọ̀nà tí mo gba abẹ́ apá wọ̀, mo padà dúró síbẹ̀ lónìí:
Vitthal lorúkọ wọn. Vitthal, odò ń kún, ẹ máa bọ̀ nílé!"

Ìlù dákẹ́. Kò sí ẹni tó dáhùn "Vitthal". Gbogbo obìnrin tó wà lórí iyanrìn mọ irú ewì tí wọ́n gbọ́ yẹn. Gbogbo wọn ti dúró lẹ́nu-ọ̀nà rí.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, láti apá ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ohùn kan bú jáde, ohùn adití tí kò mọ bí òun ti ń pariwo tó:

"Ó wọlé wàyí o!"

Ẹ̀rín ta. Àwọn èèyàn la ọ̀nà. "Ibí ni wọ́n wà! Ibí, màmá!" Ọwọ́ ń ti Anusaya láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn bí garawa omi níbi tí iná ti ń jó, títí ó fi dé etí odò.

Ẹnìkan ń kọ́lé síbẹ̀. Bíríkì wà nílẹ̀ òkìtì kan. Lórí rẹ̀ ni Vitthal dúró sí, nítorí ẹrẹ̀. Oòrùn ti sun ún dúdú. Ó ti fi àsíá gúnlẹ̀, ó káwọ́ lé ìbàdí, omi ti ń lá ìsàlẹ̀ òkìtì náà.

"Níbo lo lọ?" ni ó bi í. "Mo ti ń dúró dè ọ́ láti ẹ̀ẹ̀kan."

"Èmi? Ẹ̀yin lẹ sọnù!"

"Ojú kan ni mo wà. Ẹni tó wà lójú kan kì í sọnù. Ìwọ lò ń rìn kiri."

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí bíríkì yẹn kí odò tó gbé yín lọ!"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gun òkè. Ibẹ̀ ni Shevanta ti bá wọn, omi ń kán lára aṣọ rẹ̀, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ nínú omi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rì. O sì tún pe bíríkì!"

"N kò pè é."

"O pè é, vit wà nínú orúkọ! Àwọn kan wà lórí ìlà láti àná, kí wọ́n lè fojú kan Vitthal lórí bíríkì. Ìwọ rí tìrẹ láìtò."

Ojú ọkọ rẹ̀ ni Anusaya ń wò, bí ẹni ń wo igi lẹ́yìn ìjì. Ó ń wá ibi tí ewé ti já.

"Kí lò ń wò? Ebi ń pa mí," ni Vitthal wí. "Ata gígún yẹn dà?"

Ó tú àpò. Ọkọ rẹ̀ jẹ bhakri, ó ṣẹ́ àlùbọ́sà, ó bu ata, ata tà á, ó sín, ó tún bù sí i. Anusaya wò ó títí. Ó wá bu tirẹ̀ náà jẹ.

*

Ó ṣì ń pè é ní Aho nínú ilé. Ìyẹn kò yí padà. Kò sì sí ẹni tí ń pè é ní Agbabẹ́-apá-wọlé mọ́. Vitthal ní òun ti fi orúkọ náà jìn ín.

Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi dóńgóyárò, òun ló ń ṣáájú orin báyìí. Ó ti fi àwo idẹ lé Shevanta lọ́wọ́. Orin á máa lọ, á sún mọ́ ibẹ̀. Anusaya á fa èémí. Gbogbo ènìyàn á dúró dè é. Á gbé e jáde, ó mọ́, ó mú bí abẹ́rẹ́:

"Vitthal!"

Láti ẹ̀yìn, níbi tí àwọn àgbà ọkùnrin jókòó sí, ohùn kan á dáhùn bí ẹni tí wọ́n pè nínú oko:

"Hóò! Mo wà níbí o!"

Àwọn ọmọdé á bú sẹ́rìn-ín. Shevanta bẹ Gokulbuwa pé kó bá ẹ̀gbọ́n òun wí, nítorí ó ń ba orin jẹ́. Arúgbó náà ní rárá, kí ẹnikẹ́ni má dá a lẹ́kun. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń kọrin, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Ẹni tí àwọn ń pè ń dá àwọn lóhùn.